Obìnrin Ojú Ìwé Kọkànlélọ́gbọ̀n

Kò sí ẹgbẹ́ ìrànwọ́ kékeré kan ní orílẹ̀-èdè Bangladesh, láti Rangpur títí dé etí odò Brahmaputra, tí kò mọ Rowshan Ara. Bí àwọn obìnrin abúlé kan bá kóra jọ tí wọ́n ní àwọn fẹ́ máa tọ́jú opó, bí àwọn ọ̀dọ́ kan bá ní àwọn fẹ́ dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fáwọn ọmọ tó ń gbé láàárín odò, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè kó wá fọ̀nà hàn wọ́n. Ó ti ń ṣe é bọ̀ láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yan ìgbìmọ̀, ohun tí alága lè dá ṣe àtohun tí kò gbọdọ̀ dá ṣe, bí wọ́n ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé sáwọn tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Tọmọdé tàgbà ló ń pè é ní Rowshan Apa, ẹ̀gbọ́n gbogbo ayé, orí rẹ̀ sì máa ń wú bí wọ́n bá ti pè é bẹ́ẹ̀.

Ohun tó fi ń yangàn jù láyé ni ìwé kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ìwé atọ́nà fáwọn ẹgbẹ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ojú ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n lọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn jù, torí ibẹ̀ ló ti kọ́ wọn bí a ṣe ń ròyìn ẹni tí a ràn lọ́wọ́ kí ọkàn ẹni tó ń kà á lè rọ̀. Fọ́tò obìnrin kan wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí iyanrìn, aṣọ sárì ara rẹ̀ ti gbó, ó na ọwọ́ síwájú. Ìtàn rẹ̀ wà lábẹ́ fọ́tò náà.

Nínú oṣù Ẹrẹ́nà ọdún tí à ń wí yìí, Rowshan wá ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní Kurigram. Èèyàn méjìlélógún ló wà nínú gbọ̀ngàn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn ló kọ́kọ́ bá wọn sọ.

Ó ní, "Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ka sórí ìwé tí ẹ ò tíì kà sí i létí. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, olè ló jà."

Gbogbo wọn kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n ṣí ojú ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n, ó sì béèrè ẹni tó máa kà á sókè.

"Kì í ṣe èmi o, Apa," ni Mozammel wí, ọkùnrin sísanra kan tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ àwọn apẹja. "Mo gbàgbé awò mi sílé."

Ẹnì kan lẹ́yìn bi í pé, "Èyí tẹ́ ẹ gbé sórí yẹn ńkọ́, Mozammel Bhai, ẹ̀gbọ́n wa?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Rowshan náà rẹ́rìn-ín, ó wá wo ìlà tó kẹ́yìn. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ, Shiuli lorúkọ rẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan ni, ẹgbẹ́ náà ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé lórí ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù iyanrìn tó wà láàárín odò. Láti àná tó ti dé, ọ̀rọ̀ tó sọ kò pé mẹ́wàá.

"Shiuli, ìwọ tó o pa ẹnu mọ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jí eyín ẹ̀, dìde kà á fún wa."

"Apa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn kà á."

"Kí ló dé? Akọ̀wé tí ò lè kàwé sókè, báwo layé ṣe máa gbọ́ ohùn ẹgbẹ́ yín? Dìde jàre."

Ọmọ náà dìde. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, kò yára, kò sì falẹ̀.

"Jobeda jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà tí ọkọ rẹ̀ já a sílẹ̀, tó sá lọ sí Dhaka. Omi gbé ilé rẹ̀ lọ. Kò ní ẹnìkan láyé. Lójoojúmọ́, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré a jókòó sí èbúté, wọn a máa ṣagbe lọ́wọ́ èrò ọkọ̀ kí wọ́n tó rí oúnjẹ òòjọ́. Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ wa fún un ní ewúrẹ́ méjì ni ayé rẹ̀ yí padà. Lónìí, Jobeda ń rẹ́rìn-ín."

Mozammel fa ikun símú. Ó ní, "Apa, ìtàn yìí lágbára. Ẹni tó bá gbọ́ ọ tí kò ṣe nǹkan kan, òkúta ló gbé sáyà."

"Ẹ ṣé. Kí ló fún un lágbára? Shiuli, kó o tó jókòó, sọ ohun tó o rí níbẹ̀."

"Màmá mi ni mo rí, Apa."

Rowshan rò pé bí ọ̀rọ̀ ìkáàánú ṣe máa ń jáde lẹ́nu èèyàn nìyẹn. "O ṣeun. Bí a bá rí ìyá wa nínú ìyà ẹlòmíràn…"

"Rárá, Apa. Màmá tó bí mi ló wà nínú fọ́tò yẹn. Èmi lọmọ tí wọ́n ní ó ń ṣagbe." Ó pa ìwé náà dé, ó rọra gbé e sórí tábìlì. "Màmá mi ò ṣagbe rí. Kódà lọ́jọ́ kan ṣoṣo."

Rowshan mọ̀ pé òun ni gbogbo ojú ń wò. Ó yẹ kó bẹ̀bẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti sáré jáde lẹ́nu rẹ̀ kí ọgbọ́n orí rẹ̀ tó dé. Ó ní, "Ìyá ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Ó tẹ̀ka sí i. Ìwé náà wà lọ́fíìsì."

"Kí ló tẹ̀ka sí, Apa? Kò mọ̀wé. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé ti ewúrẹ́ ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan ní iwájú wo ohun tó kọ sílẹ̀ láìpẹ́, ibi tó kọ ọ̀rọ̀ olè sí, ó sì rọra fọwọ́ bò ó. Bí Rowshan ti rí ọwọ́ yẹn, ó dà bíi pé wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀ lójú ọjà. Ó ní kí wọ́n lọ mu tíì.

Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ló gbà lọ, ó dúró síbi tí wọ́n kó àga tó ti kán jọ sí. Ìbá jẹ́ pé ó ti gbàgbé ni, ì bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò gbàgbé. Ọdún méjìlá sẹ́yìn, lórí erékùṣù kan tí odò ti jẹ tán báyìí, obìnrin náà ń sunkún, ó ní ọkọ òun lọ sí Dhaka, kò padà. Rowshan kò bi í ní ìdí. Nígbà tó dé Rangpur tó jókòó ti ìwé rẹ̀, "ó ń wá iṣẹ́ kiri ní èbúté" ló kọ́kọ́ kọ. Ó kà á, kò dùn. Ó pa á rẹ́, ó kọ "ó ń ṣagbe". Ó rántí bí inú rẹ̀ ṣe dùn lọ́jọ́ náà, bó ṣe pe ọkọ rẹ̀ wá sí tábìlì pé kó wá gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gún ọkàn. Ìdùnnú ọjọ́ yẹn gan-an ló ń tì í lójú jù báyìí.

Ó bá Shiuli nídìí ẹ̀rọ omi, níbi tó ti ń fọ ife tíì rẹ̀.

"Ṣé màmá ẹ mọ̀?"

"Ó mọ̀. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹnì kan láti ẹgbẹ́ kan gbé ìwé yín wá sí erékùṣù wa. Bó ṣe rí màmá mi báyìí, ó ní, 'Ṣé kì í ṣe Jobeda tó ń ṣagbe nìyí?' Inú ẹ̀ tiẹ̀ ń dùn ni, bí ẹni tó rí èèyàn ńlá. Látìgbà náà làwọn ọmọdé ti ń pè é bẹ́ẹ̀."

"Kí ló wá dé tó o fi wá síbi tí mo ti ń kọ́ni?"

"Ìjọba ò ní forúkọ ẹgbẹ́ wa sílẹ̀ láìsí ìwé ẹ̀rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń kọ́ni lágbègbè yìí. Mo ti pinnu pé mi ò ní sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ ní kí n kà á."

Rowshan kò lè wo ojú ọmọ náà. Ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń wò. "Mú mi lọ bá a."

"Kí lẹ fẹ́ lọ sọ?"

"Mo fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ ni."

Shiuli gbọn omi ife dànù. "Ẹ má gbé nǹkan kan dání o. Bí wọ́n bá rí ẹ̀bùn lọ́wọ́ yín, wọ́n á rò pé fọ́tò míì lẹ wá yà."

Rowshan ṣe ọjọ́ tó kù parí, bí kò tilẹ̀ mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ. Lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ parí, òun àti Shiuli wọ ọkọ̀ ojú omi. Odò ti fà lásìkò yẹn, nítorí náà lẹ́yìn tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n tún rin iyanrìn fún bíi wákàtí kan. Oòrùn ń jó o lẹ́sẹ̀. Ó ti pèsè ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́kàn, ọ̀rọ̀ tó gún régé, èyí tó dà bí ohun tí ì bá kọ́ àwọn ẹlòmíràn láti sọ.

Nínú oko elégédé ni wọ́n bá Jobeda. Rowshan kì bá dá a mọ̀. Obìnrin tó rí gbọnrangandan ni, ó fi etí sárì wé ìbàdí, dòjé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo àlejò náà fún ìgbà díẹ̀, kò rẹ́rìn-ín, kò sì fajú ro.

"Rowshan Apa ni. Ẹ ti sanra díẹ̀. Ẹ máa bọ̀ nílé, ẹnikẹ́ni tó bá la iyanrìn yìí kọjá gbọ́dọ̀ mumi kó tó sọ̀rọ̀."

Ó tẹ́ ẹní fún un lábẹ́ òrùlé, ó gbé omi wá, ó gbé ìrẹsì yíyan àti ṣúgà pupa tì í. Lọ́jọ́sí, "ìwọ" ni Rowshan máa ń pè é, bí a ṣe ń pe ẹni tó wá gbàrànwọ́. Lónìí, "ẹ" ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Jobeda, ọ̀rọ̀ tí mo bá wá síbí, mo mọ̀ pé mo ti ṣẹ̀ yín. Ohun tí mo kọ…"

"Ṣé ìwé yẹn wà lọ́wọ́ yín?"

"Ó wà nínú báàgì mi."

"Ẹ kà á fún mi. Wọ́n ti sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kà á fún mi rí." Kí Rowshan tó fèsì, ó ti nahùn sí ilé kejì. "Kohinoor Apa, ẹ máa bọ̀. Wọ́n fẹ́ ka ìtàn mi. Ẹ pe àwọn tó kù."

Obìnrin mẹ́fà ló wá, pẹ̀lú ewé paan tí wọ́n ń jẹ bí obì lẹ́nu àwọn míì. Kohinoor tó ṣáájú wọn ti lé lọ́gọ́ta ọdún, òun ni ẹ̀gbọ́n ọkọ Jobeda. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó ní, "Ẹ kà á sókè. Etí kan ló ń gbọ́ràn fún mi."

Ìwé tí Rowshan ti kà fún ọgọ́rùn-ún ìjókòó, ó wá di ohun tó ń wúwo lẹ́nu rẹ̀ bí òkò. "Jobeda jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà tí ọkọ rẹ̀ já a sílẹ̀…"

"Ẹ dúró ná," ni Kohinoor wí. "Ta ló já ta sílẹ̀?"

Kohinoor na ìka sí ìwé náà.

"Harun? Àbúrò mi? Ibi tí wọ́n ti ń sun bíríkì ni ògiri ti wó lù ú ní Dhaka. Ọjọ́ kẹfà ni wọ́n tó gbé òkú ẹ̀ dé. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi nu iyanrìn lójú ẹ̀. Òun lẹ kọ pé ó sá lọ?"

"Mi ò mọ̀," ni Rowshan wí.

"Ẹ ò béèrè," ni Jobeda wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́. "Ẹ máa kà á lọ."

Rowshan ka ti agbe ṣíṣe. Jobeda dìde, ó wá jókòó níwájú rẹ̀, ó sì ká sárì kúrò lórí. "Erùpẹ̀ ni mo ń rù sí ojú ọ̀nà tí ìjọba ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté, ọgọ́ta agbọ̀n lójúmọ́. Shiuli máa ń jókòó sí etí ọ̀nà dè mí. Ẹ fọwọ́ kàn mí lórí níbí."

Rowshan fọwọ́ kàn án. Láàárín àtàrí obìnrin náà, irun kò hù mọ́, awọ ibẹ̀ ti yi bí àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀, àwọn àgbà ti wí i. Ìwé tó fi orí yìí ṣe ọ̀ṣọ́ ti gbé Rowshan dé ibi tí kò lérò, orí náà sì wà níbi tó wà, nínú oko lábẹ́ oòrùn.

Nígbà tó kan ti ewúrẹ́ tó yí ayé padà, àwọn obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín.

"Ewúrẹ́ wo? Èyí tó ti ń wúkọ́ kí wọ́n tó gbé e sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn?"

"Kò lo ọ̀sẹ̀ kan láyé."

"Ìkejì ńkọ́? Ṣebí a sáré lọ pe ẹni tó máa dú u kó tó kú fúnra ẹ̀. Ẹran yẹn le bí okùn ọkọ̀."

Jobeda náà rẹ́rìn-ín. "Apa, Kohinoor yìí ló fún mi ní irúgbìn elégédé àtibi tí mo gbìn ín sí. Ẹ ò wá kọ orúkọ tiẹ̀. Ẹ ní mi ò ní ẹnìkan láyé." Ó gba ìwé náà, ó gbé fọ́tò sún mọ́ ojú. "Ọwọ́ tí mo nà yìí, ṣé ẹ rántí ohun tí mo ń ṣe?"

Rowshan kò rántí.

"Tádàwà tẹ́ ẹ fi kùn mí ní àtàǹpàkò ni mo ń fi hàn yín. Mo ní kò fẹ́ kúrò. Ẹ ní kí n má mira."

Ọ̀rọ̀ tó gún régé tí Rowshan pèsè sílẹ̀ ti fò lọ. Ó dìde lórí ẹní, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Kohinoor bí a ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àgbà. Ìyá náà fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ẹ jókòó. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn mí lẹ́sẹ̀ báyìí, ara ẹ̀yin á fúyẹ́. Ti àbúrò mi wá ńkọ́?"

Àfi kí ilẹ̀ lanu, kí Rowshan wọ inú rẹ̀ lọ. Ó padà jókòó.

Jobeda bi í pé, "Irú ìwé yìí mélòó ló wà nílẹ̀?"

"Ó tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta."

"Ṣé ẹ mọ ibi tí gbogbo wọn wà?"

"Rárá."

"Ẹ kọ̀wé sáwọn tẹ́ ẹ bá mọ̀. Ẹ sọ pé ọkọ mi kú ni, kò sá. Ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ. Ti agbe, mo lè gbé e. Mo wà láàyè, bí ẹnìkan bá pè mí bẹ́ẹ̀, mo ní ẹnu tí mo fi ń dá a lóhùn. Òkú ò lè gbèjà ara ẹ̀."

Kò sọ pé òun dárí jì í. Ó já elégédé kan fún un nígbà tó ń lọ, torí pé a kì í jẹ́ kí àlejò lọ lọ́wọ́ òfo. Rowshan gbé elégédé náà la iyanrìn kọjá, gbogbo ìgbésẹ̀ ló ń wúwo sí i.

Nígbà tó dé Rangpur, ó pe ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ tirẹ̀, ó sì sọ ohun gbogbo fún wọn. Anisur, alága, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní, "Rowshan, ẹ jẹ́ ká yọ ojú ìwé náà nígbà tí a bá tún un tẹ̀, ká má pariwo. Bí ẹ bá ní irọ́ wà lójú ìwé kan, ta ló máa gba àwọn tó kù gbọ́?"

Ìtìjú sì máa ń fetí sí irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Rowshan kò gbà á tán, kò sì kọ̀ ọ́ tán. Ó kọ lẹ́tà kan pé àṣìṣe díẹ̀ wọ inú ìwé àwọn, pé ọkọ Jobeda kú ni, kí wọ́n jọ̀wọ́ má lo ojú ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n mọ́. Kó tó fi ránṣẹ́, ó pe Shiuli lórí fóònù, ó kà á fún un.

Shiuli gbọ́ ọ tán. Ó wá ní, "Apa, àṣìṣe yẹn, ṣé ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló fi rìn wọ inú ìwé?"

Rowshan ya lẹ́tà náà. Ó jókòó ti òmíràn fún ọjọ́ méjì gbáko, ó sì rí i pé gbólóhùn kan ṣoṣo ló le: "Èmi Rowshan Ara ni mo purọ́ mọ́ Jobeda, mo sì mọ̀ nígbà tí mo ń kọ ọ́ pé kì í ṣe agbe ni wọ́n ń ṣe." Lẹ́yìn tó ti kọ ìyẹn, ìyókù rọrùn. Ó fi orúkọ Harun sí i, ibi tó kú sí, àti orúkọ Kohinoor tó fúnni ní irúgbìn. Ó kà á fún Jobeda lórí fóònù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Jobeda ní kó yọ "obìnrin akọni" tó wà níbì kan kúrò, ó ní ìyẹn náà ti ń pọ̀ jù. Rowshan yọ ọ́. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí igba ẹgbẹ́ ó lé mẹ́jọ, Anisur sì kọ̀wé fi ipò alága sílẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí Shiuli wà lọ́fíìsì nígbà náà. Shiuli ránṣẹ́ pé, bí kò bá ní bí Apa nínú, kí ẹlòmíràn nínú ìgbìmọ̀ bá òun fọwọ́ sí i. Rowshan gbé e fún akápò. Kò sọ ìdí fún un, akápò náà kò sì béèrè. Ó fọwọ́ sí i kíá, ó ń sọ̀rọ̀ nípa òjò.

Ẹgbẹ́ mọ́kànlélógójì ló fèsì lẹ́tà náà. Àwọn kan yìn ín pé ó láyà, èyí sì tún tì í lójú ju èébú lọ. Àwọn kan ní àwọn ò ní ìwé náà lọ́wọ́ mọ́. Èyí tó dé kẹ́yìn wá láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan ní ìhà Bogura. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, ó sì dun àwọn, ṣùgbọ́n kò sí ìtàn tó ń mú kí àwọn onínúure sunkún bí ti Jobeda. Ṣé Rowshan Apa lè fi òmíràn ránṣẹ́, èyí tó lágbára tó bẹ́ẹ̀?

Ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Òun ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, kò sí ẹlòmíràn tó lè dá lẹ́bi. Ó kọ̀wé sí wọn pé òun ò ní ìtàn kankan láti fún wọn, pé kí wọ́n lọ bá àwọn tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n béèrè, kí wọ́n sì ka ohun tí wọ́n bá kọ sí àwọn èèyàn náà létí kó tó jáde nílé. Ó fi orúkọ rẹ̀ sí i, ó gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Wọn ò tíì fèsì.